Ẹ́ńjìnnì àlejò nínú férémù àtijọ́: ìdí tí “ó ti wọ̀” kò fi túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ti tán

Gbólóhùn kan péré ni mẹ́káníìkì máa ń sọ fún ọlọ́kadà: “Ẹ́ńjìnnì yìí ti lọ, ẹ jẹ́ ká gbé òmíràn sí i.” Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ẹni tó ni máṣíìnì á rò pé bí ìgbà tí èèyàn ń pààrọ̀ bátìrì tọ́ọ̀ṣì ni, èyí tó kú á jáde, èyí tó yè á wọlé. Kí oṣù tó parí, ṣéènì ti já lẹ́ẹ̀mejì, gílóòbù iwájú ti jó, ọlọ́pàá sì ti dá a dúró pé nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì kò bá ti inú ìwé mu. Ó gba ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì lọ tìbínú-tìbínú, mẹ́káníìkì ní iṣẹ́ tòun pé. Àwọn méjèèjì kò purọ́.

Ohun tó fà á ni pé ìtumọ̀ “ó ti wọ̀” lẹ́nu wọn kì í ṣe ọ̀kan. Lẹ́nu mẹ́káníìkì, bí bóòtù bá ti dè tí ẹ́ńjìnnì sì tan, ó ti wọ̀ nìyẹn. Lẹ́nu ẹni tó fẹ́ gbé èrò láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀rọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ nílé wa ni mo fi mọ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ní Honda CG125 kan, èyí àtijọ́ tó ń lo iná fóòlù 6. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín aláwọ̀ aró, tí kò lè gun òkè Màpó mọ́ bí wọ́n bá gbé èèyàn sẹ́yìn, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì Ṣáínà 200cc sí i. Máṣíìnì yẹn ni màá máa tọ́ka sí bí a ṣe ń lọ.

Kí ni férémù, kí ni ẹ́ńjìnnì?

Férémù ni egungun máṣíìnì: àwọn páìpù irin tí wọ́n jó pọ̀, tí táńkì, ìjókòó, fọ́ọ̀kì iwájú àti táyà ẹ̀yìn so mọ́. Ẹ́ńjìnnì ni ẹ̀rọ tó ń jó epo láti yí táyà. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ máṣíìnì tó wà nígboro lónìí, inú ikùn ẹ́ńjìnnì kan náà ni gíà, kílọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀rọ kékeré tó ń pèsè iná wà. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ti pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó mọ̀ o, kò mọ̀ o.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní cc ńkọ́? Àyè tí písítínnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, ń gbà lọ, gbà bọ̀ nínú sìlíńdà, ihò róbótó tó ń rìn nínú rẹ̀, ni wọ́n fi ń wọ̀n. Ẹ mú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà 50cl kan, ẹ pín omi inú rẹ̀ sí mẹ́rin ọgbọọgba: ìpín kan ni 125cc. Àyè tí kò kún ife tíì kan ló ń gbé géńdé méjì àti àpò gàrí gun òkè.

Ẹ jẹ́ ká fi férémù ṣe onílé, ká fi ẹ́ńjìnnì ṣe àlejò. Onílé ló ni ẹnu ọ̀nà, òun ló mọ bí yàrá ṣe gùn tó, orúkọ rẹ̀ ló sì wà nínú ìwé ilé. Àlejò lè lágbára jù ú lọ, ó lè kéré sí i lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ìwọ̀n yàrá ni àlejò ń sùn mọ. Gbogbo wàhálà tí màá sọ nísàlẹ̀ yìí, ìgbà tí wọ́n bá wó ògiri onílé kí àlejò lè ráyè na ẹsẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣé àwa nìkan ló ń ṣe irú èyí?

Rárá o. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di àṣà kí bàbá ẹlòmíràn nínú wa tó gun kẹ̀kẹ́. Ní 1950, Norton, ilé iṣẹ́ máṣíìnì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé férémù kan jáde fún eré ìje, iṣẹ́ ọwọ́ Rex McCandless. Páìpù méjì ló lọ yí ẹ́ńjìnnì ká láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó padà gba ẹ̀yìn gòkè. Harold Daniell, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi Norton sáré ìje, gùn ún, ó ní àfi bí ìgbà tí òun dùbúlẹ̀ sórí tìmùtìmù oníyẹ̀ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Featherbed títí dòní nìyẹn.

Férémù Norton kò lẹ́gbẹ́ ní kọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Triumph, ilé iṣẹ́ máṣíìnì Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, pàápàá ti Bonneville 650cc tó jáde ní 1959, ni àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn, torí ó rọrùn láti mú kó yára, ohun èlò rẹ̀ sì wà káàkiri. Wọ́n bá fi ọ̀kan sínú èkejì, wọ́n so orúkọ méjèèjì pọ̀, ó di Triton. Ibo ni wọ́n ti ń rí férémù tó ṣófo? Ìtàn ibẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré 500cc sáré ìje ń wá ẹ́ńjìnnì Norton Manx, máṣíìnì eré ìje Norton, lójú méjèèjì, Norton kò sì ta ẹ́ńjìnnì nìkan fún wọn. Wọ́n á ra odidi máṣíìnì, wọ́n á yọ ẹ́ńjìnnì fi sínú ọkọ̀, férémù á wá dúró síbẹ̀ bí adìẹ tí wọ́n yọ ìfun rẹ̀. Ẹni tó ní Triumph á wá rà á. Ní 1965, Dave Degens àti Rex Butcher gun Triton, wọ́n sì gba ipò kìíní nínú ìje wákàtí 24 ní Barcelona.

Ohun méjì ni kí ẹ mú níbẹ̀. Èkíní, férémù ni wọ́n kọ́kọ́ yàn, torí pé ó dára. Tiwa níhìn-ín, òkú ẹ́ńjìnnì ló ń lé wa, férémù tó bá ṣáà wà nílẹ̀ la ó lò. Èkejì, wọn kì í sábà fọwọ́ kan páìpù Norton. Àwo irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ń gé láti dí àlàfo tó wà láàárín ihò bóòtù ẹ́ńjìnnì àti ti férémù. Ìrọ̀rùn kan tún wà fún wọn tí àwa kò ní: gíà Triumph 650cc ìgbà náà ṣì dá wà ní tirẹ̀, 1963 ni wọ́n tó sọ òun àti ẹ́ńjìnnì di ara kan. Wọ́n lè sún gíà síwá sẹ́yìn títí ṣéènì á fi tọ́.

Kí ló dé tí ọ̀kan fi ń wọlé wẹ́rẹ́, tí èkejì ń bá férémù jà?

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Ṣáínà tí wọ́n ń tà fún irú iṣẹ́ yìí, ọmọ bàbá kan ni wọ́n. Bàbá wọn ni Honda CG125, tó jáde ní 1976. Honda ṣe é fún àwọn ilẹ̀ tí ọ̀nà ti burú, tí wọ́n ti ń di ẹrù lé máṣíìnì bí ẹni di ẹrù lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tí ọ́ìlì sì ń pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Dípò ṣéènì kékeré tó ń ṣí fáàfù (ilẹ̀kùn kékeré tí epo àti èéfín ń gbà kọjá) nínú ẹ́ńjìnnì mìíràn, ọ̀pá irin méjì ni wọ́n fi síbẹ̀, torí ọ̀pá kì í nà bíi ṣéènì. Ọdún tó jáde yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Manaus, nílẹ̀ Bùràsíìlì. Ṣáínà náà wá wò ó kọ, wọ́n kọ ọ́ títí ó fi di ẹrú gbogbo ilé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹbí tí ẹ́ńjìnnì ti wá, ẹ nu ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò. Nítòsí nọ́ńbà rẹ̀, ẹ ó rí àkọlé bíi 156FMI. Ó dà bí àdììtú, bẹ́ẹ̀ oríkì rẹ̀ ni. 1 túmọ̀ sí sìlíńdà kan. 56 ni bí inú sìlíńdà náà ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà (56.5 ni gan-an). F ni pé afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kì í ṣe omi. M ni máṣíìnì. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ló ń sọ cc: I jẹ́ 125, J jẹ́ 150, L jẹ́ 200. Torí náà 162FMJ jẹ́ 150cc tí sìlíńdà rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 62, nígbà tí 163FML jẹ́ 200cc.

Ibí ni àṣírí wà. Nínú ti 125 àti ti 150, ìrìn písítínnì kò yàtọ̀: mìlímítà 49.5 ló ń rìn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹnu sìlíńdà nìkan ni wọ́n fẹ̀, nítorí náà ìta wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ bí ìbejì, àyè ọ̀kan sì máa ń gba èkejì. Nínú ti 200, ìrìn náà di mìlímítà 62.2. Sìlíńdà ní láti ga sí i kí ìrìn yẹn tó gba ibẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi kò béèrè èyí. Ó rí “CG” lára páálí, ó ní ẹbí kan náà ni. Ẹbí kan náà ni lóòótọ́, àmọ́ èyí ga ju àbúrò rẹ̀ lọ: orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan páìpù abẹ́ táńkì, irin tó ń di orí ẹ́ńjìnnì mọ́ férémù kò sì bá ihò rẹ̀ pàdé mọ́. Ẹ́ńjìnnì Bajaj Boxer tiẹ̀ tún wá jìnnà, kò bá CG tan rárá.

Ṣé ẹ́ńjìnnì kàn jókòó síbẹ̀ ni, àbí ó ń ṣiṣẹ́ egungun?

Férémù pín sí oríṣiríṣi, méjì péré ló kàn wá. Èkíní ni èyí tó pọn ẹ́ńjìnnì bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ, páìpù gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ti Norton yẹn nìyẹn. Bí ẹ yọ ẹ́ńjìnnì kúrò, férémù ṣì pé.

Èkejì ni ti CG àtijọ́. Páìpù iwájú sọ̀ kalẹ̀, ó dé iwájú ẹ́ńjìnnì, ó dúró. Kò sí páìpù kankan lábẹ́. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni afárá tó so iwájú férémù mọ́ ẹ̀yìn. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹnu férémù là sílẹ̀ gbayawu.

Bí wọ́n bá wá fi irin tín-ín-rín di ẹ́ńjìnnì mú nínú irú férémù kejì yìí, kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì á kàn máa mì. Máṣíìnì pátá ló máa rọ̀ láàárín. Ẹ ó mọ̀ ọ́n ní kọ́nà: iwájú ti yí, ẹ̀yìn ṣì ń ronú. Jórinjórin tó ṣe ti bọ̀ọ̀dá mi gé díẹ̀ lára páìpù iwájú kí ẹ́ńjìnnì tó gùn náà lè bọ́ síbẹ̀, ó sì jó irin pẹlẹbẹ méjì mọ́ ọn. Ó dán, ó lẹ́wà. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ lè fi èékánná tọ ìlà ibi tó ti ń sán.

Kí ló ń já ṣéènì?

Bí mo bá ní kí n yan ohun kan ṣoṣo tí ẹ ó fúnra yín yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó iṣẹ́, ṣéènì ni màá yàn.

Ṣéènì gbọ́dọ̀ lọ gbọnrangandan láti ara wíìlì eléyín kékeré tó wà lára ẹ́ńjìnnì dé ara ńlá tó wà lára táyà ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì àlejò lè jẹ́ kí ti iwájú jáde sí òsì ju ti àtijọ́ lọ, kódà kó má ju ìwọ̀n kọ́ìnì méjì tí a tò léra wọn. Ìwọ̀nba yẹn ti tó. Ṣéènì á máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn, á máa họ eyín irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á gbóná, á nà, á já. Bó bá sì já lórí eré, ó lè lọ́ mọ́ iwájú, kó fọ́ ikùn ẹ́ńjìnnì, tàbí kó dá táyà ẹ̀yìn dúró lójijì.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò kò gba ẹ̀rọ kankan. Ẹ mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fà á le láti ẹ̀gbẹ́ wíìlì eléyín ẹ̀yìn dé ti iwájú. Bí okùn bá fara kan àwọn méjèèjì pẹrẹsẹ, ó tọ́. Bí ó bá ṣẹ́ níbì kan, ẹ má gùn ún. Irin róbótó tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé dáadáa lè sún wíìlì eléyín bọ̀ sípò. Ẹni tó bá ní ẹ fi wọ́ọ̀ṣà mẹ́ta sí i, ẹ kí i, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Ìwọ̀n ṣéènì fúnra rẹ̀ tún wà. Nọ́ńbà bíi 428 tàbí 520 ni wọ́n ń tẹ̀ sí i lára. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló ń sọ bí kókó kan ṣe jìnnà sí èkejì: 4 jẹ́ mìlímítà 12.7, 5 jẹ́ nǹkan bíi 15.9. Ẹ́ńjìnnì bọ̀ọ̀dá mi wá pẹ̀lú eyín 520, ti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 428. Ọjọ́ kìíní pàá ló já.

Kí ló dé tí iná fi jó?

Máṣíìnì CG àkọ́kọ́-àkọ́kọ́ ń lo fóòlù 6. Ẹ́ńjìnnì òde òní ń pèsè 12. Ẹ fi fóòlù wé bí omi ṣe ń tì láti inú táńkì orí ilé: bí ẹ bá gbé táńkì ga ní ìlọ́po méjì, omi tó ń jáde á le sí i, ọ̀pá tí kò lágbára á bẹ́. Gílóòbù tó jẹ́ ti fóòlù 6 máa ń gba nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta agbára tó yẹ fún un bí ẹ bá fún un ní 12. Á tàn yòò bí iná ìdárayá, á sì kú.

Nítorí náà gílóòbù, bátìrì, fèrè, iná ìjúwe àti ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná kí ó má pọ̀ jù, gbogbo wọn ló yẹ kó di ti fóòlù 12. Àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní CDI, tó ń sọ ìgbà tí púlọ́ọ̀gì máa ta, gbọ́dọ̀ bá ẹ́ńjìnnì tuntun wá. Èyí tó ń gba iná láti ara bátìrì kò lè ṣe iṣẹ́ èyí tó ń gbà á tààrà láti ara ẹ́ńjìnnì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu wáyà wọn jọ ara wọn.

Ṣé bíréèkì mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti yí padà?

Kò mọ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, láti kìlómítà 40 dé 80 ní wákàtí, ọ̀nà tí máṣíìnì ń rìn kí bíréèkì tó dá a dúró kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Bíréèkì inú agbada kékeré tó wà lára CG àtijọ́, eré ẹ́ńjìnnì 125 ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá gbé 200 sí i gbọ́dọ̀ ná owó lórí bíréèkì iwájú, tàbí kó máa gùn ún bí ẹni pé 125 náà ló ṣì wà níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ní òun á yan ọ̀nà kejì. Ta ló gbé ẹ́ńjìnnì ńlá sí máṣíìnì rí tó sì rọra gùn ún?

Ẹ tún wo gíà. Máṣíìnì kan wà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni ẹ ó máa tẹ gbogbo gíà sí, òmíràn jẹ́ ọ̀kan sísàlẹ̀, ìyókù sókè. Ẹsẹ̀ tó ti mọ ọ̀kan fún ọdún mẹ́wàá kò ní gbàgbé ní ọjọ́ kan.

Nọ́ńbà inú ìwé ńkọ́?

Nọ́ńbà méjì ló wà nínú ìwé máṣíìnì: ti férémù àti ti ẹ́ńjìnnì. Ti férémù, tí wọ́n tẹ̀ sára irin nítòsí ọrùn fọ́ọ̀kì, ló ń jẹ́ kí máṣíìnì jẹ́ ara rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì lè yí padà nígbà mẹ́ta, máṣíìnì kan náà ni. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì inú ìwé gbọ́dọ̀ tẹ̀lé èyí tó wà lára rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lójú ẹni tó ń yẹ ìwé wò, ẹ́ńjìnnì jíjí ni.

Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, kí rìsíìtì gbé nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì náà, kó má kàn kọ “ẹ́ńjìnnì kan”. Ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì tó ń fún yín níwèé ọkọ̀ kí wọ́n tún un kọ, kí ẹ tó gbé máṣíìnì jáde. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti fi fáìlì ha nọ́ńbà náà, ẹ gbé e padà fún ẹni tó fẹ́ tà á, bó ti wù kó dín owó rẹ̀ tó.

Ṣé ẹ́ńjìnnì náà kú lóòótọ́?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú, mo mọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń rú èéfín aláwọ̀ aró tí kò sì lágbára mọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ríìngì (òrùka irin tó yí písítínnì ká) àti sìlíńdà ló jẹ, ìyókù ṣì yè. Honda ti ro èyí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣe písítínnì tó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ ní mìlímítà 0.25, 0.50, 0.75 àti 1.00. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé irin á fẹ inú sìlíńdà díẹ̀, wọ́n á fi písítínnì tó bá a mu sí i. Ìyẹn jẹ́ ìgbà mẹ́rin tí sìlíńdà kan ṣoṣo lè jí dìde.

Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ti bọ̀ọ̀dá mi wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì mẹ́káníìkì fún oṣù méje, nínú àpò sìmẹ́ńtì. Nígbà tí férémù sán dé ibi tí ojú lè rí láìwá a, wọ́n ṣí ẹ́ńjìnnì yẹn níkẹyìn. Ìwọ̀n 0.25 ni wọ́n tíì lò lára rẹ̀. Wọ́n gé e sí 0.50, wọ́n pààrọ̀ ríìngì, ó sì padà síbi bóòtù rẹ̀. Ti 200 náà wà lára kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan báyìí, ó ń kó búlọ́ọ̀kù kiri. Páìpù iwájú tí jórinjórin gé ló gba owó jù nínú gbogbo rẹ̀, ó ju owó písítínnì, ríìngì àti iṣẹ́ ọwọ́ lọ ní àpapọ̀.